Ọ̀kẹ́ Tí Kò Ní Àmì

Ọdún tí wọ́n fa wáyà fóònù wọ fúláàtì wa ní Thamesmead ni orúkọ mi kọ́kọ́ wọ inú ìwé títẹ̀. Ìwé fóònù ni o, kì í ṣe ìwé ìtàn. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n gbé ìwé ràgàjì náà sí ẹnu ọ̀nà wa, mo jókòó, mo gba awò ojú ìyàwó mi, mo sì ń wá ara mi kiri nínú rẹ̀ bí ẹni tó ń wá owó tó jábọ́ sábẹ́ ibùsùn. Mo rí ara mi. Oke, lẹ́tà kan ṣoṣo fún orúkọ àkọ́kọ́ mi, àti àdírẹ́sì wa, ọ̀kan lára àwọn ilé oníkọnkéré tó tò lẹ́bàá Yarnton Way. Mo fi ìka lé e kó má baà sá lọ, mo sì pe ìyàwó mi láti ilé ìdáná.

"Wá wo ọkọ rẹ nínú ìwé."

Ó nu ọwọ́ sára aṣọ, ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. "Àmì rẹ̀ dà?"

"Àmì wo?"

"Tòkè àti tìsàlẹ̀. Báyìí, ta ló máa mọ̀ pé Ọ̀kẹ́ ni yín? Ẹni tó bá kà á á ní Òkè ni."

Mo ní ẹ̀rọ àwọn òyìnbó kò ní àmì. Ó ní kò burú, kí n máa jẹ́ Òkè nígbà náà, ṣebí Shooters Hill nìyẹn lójú fèrèsé, kí n lọ bá àwọn ẹbí mi. Ó padà sídìí ìkòkò rẹ̀.

Ọ̀kẹ́ ni orúkọ ilé wa lóòótọ́. Bàbá bàbá mi ni wọ́n bí sínú ọ̀kẹ́: ó wá sáyé tòun ti àpò tó wà nínú rẹ̀ látinú ikùn, àpò náà kò ya, agbẹ̀bí ló fi èékánná ya á kí ọmọ tó lè mí. Wọn kì í ronú orúkọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó ti mú orúkọ rẹ̀ bọ̀. Nígbà tó wá lọ sí ilé ìwé àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì, tíṣà kọ O, K, E sílẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bóyá yíǹkì ló ń ṣọ́ lò. Láti ìgbà náà ni àwa ọmọ rẹ̀ ti ń ru ọ̀kẹ́ tí kò ní àmì. Èmi fúnra mi kò kàwé kọjá ilé ìwé mọ́dà, kò sì sí ìgbà tí mo rò pé àmì lè dá nǹkan kan sílẹ̀ láyé ẹni, àfi ní ìdánwò.

Ohun tó wà nílẹ̀ nígbà náà ni pé ìwé ìrìnnà mi wà ní Croydon, lọ́dọ̀ àwọn tó ń pinnu ẹni tí yóò dúró àti ẹni tí yóò lọ. Ìyàwó mi ti ní ìwé ìgbélùú tirẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn; èmi ni mo fi tirẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n dúró tì í. Wọ́n ní kí n máa retí. Mo ń retí. Ọmọ wa obìnrin, ọ̀kan ṣoṣo tí a bí, wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Iléṣà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀ lé ògiri rìn nígbà tí a fi í sílẹ̀. Ó ti ń wọ aṣọ ilé ìwé báyìí. Wọ́n sọ fún wa pé kò lè wá bá wa àfi tí àwa méjèèjì bá ní ìwé lọ́wọ́. Ìyàwó mi lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan, ọmọ náà kúnlẹ̀ dáadáa, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o, Auntie." Nígbà tí ìyàwó mi dé, ó ní òun kò tún ní lọ mọ́ láìjẹ́ pé èmi náà ń lọ, pé kí ọmọ náà lè rí àwa méjèèjì pa pọ̀ kó tó mọ̀ pé òbí ni wá.

Èmi kò sì lè lọ. Bí mo bá béèrè ìwé ìrìnnà náà padà láti fi rìnrìn àjò, a jẹ́ pé mo ti fọwọ́ ara mi pa ẹ̀bẹ̀ mi rẹ́ nìyẹn, ilẹ̀kùn á sì tì lẹ́yìn mi. Bí n kò bá lọ, ọmọ ń dàgbà. Mo wà bí ẹran tí wọ́n so mọ́ èèkàn: koríko wà lọ́tùn-ún, koríko wà lósì, okùn kò tó ọ̀kankan. Iṣẹ́ mi tún wá jẹ́ fífọ bọ́ọ̀sì ní gáráàjì. Ojoojúmọ́ ni mo ń fọ ohun tó ń rìn, èmi tí mò ń fọ̀ ọ́ kò lè rìn. Mo máa ń bá bọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ìwọ, o dé Woolwich lónìí, o dé Lewisham. Kí lo ń lérí sí?"

Bàbá kan wà tí a jọ ń fọ bọ́ọ̀sì, tí a sì jọ ń lọ sí ìjọ aláṣọ funfun kan náà. Ó ti pẹ́ ní ìlú yìí ju òtútù lọ. Daddy ni gbogbo wa ń pè é. Mo ṣe fáàrí ìwé fóònù fún un nígbà tí a ń jẹun ọ̀sán. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé síbí rẹ̀ sílẹ̀.

"Ṣé orí rẹ pé báyìí? Ìwé rẹ wà ní Croydon, o wá lọ tẹ àdírẹ́sì rẹ síta fún wọn?"

"Daddy, Croydon ti mọ àdírẹ́sì mi. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́ fún wọn."

"Àwọn tó ń jókòó ní ọ́fíìsì nìyẹn. Àwọn tó ń wọ bàtà ńkọ́?"

"Àwọn wo ló ń wọ bàtà?"

"Àwọn tó ń wá kan ilẹ̀kùn. Àwọn ọlọ́ọ́fíìsì lè má tíì dáhùn, kí àwọn oníbàtà ti dé. Gbọ́ mi dáadáa. Ẹnikẹ́ni tó bá pè ọ́, ìwọ kọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé nǹkan wá pé kí o fọwọ́ sí, má fọwọ́ sí i. Òyìnbó kò lè mú ẹni tí kò sí."

N kò ṣe ohunkóhun tí ìjọba kọ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í béèrè ohun téèyàn ṣe kó tó wọlé. Láti ọjọ́ yẹn ni bàtà ti ń dún létí mi, àní nígbà tó jẹ́ pé bàtà ara mi ni.

Kò pẹ́ sí i ni fóònù dún ní ọ̀sán kan. Ìyàwó mi wà níbi iṣẹ́. Mo gbé e.

"Ṣé Ọ̀gbẹ́ni Óòkù nìyẹn?" Ohùn bàbá àgbà òyìnbó ni, ó rọlẹ̀, ó já gaara.

Mo ní rárá, ó ṣì í pè. Òótọ́ ni, n kò jẹ́ Óòkù rí láyé mi. Mo gbé e sílẹ̀. Ó tún dún.

"Ẹ forí jì mí. O, K, E. Orúkọ yín ló wà nínú ìwé fóònù yìí, àbí? N kò ní pẹ́. Ìbéèrè díẹ̀ ni. Níbo ni àwọn èèyàn yín ti wá? Ìgbà wo ni wọ́n dé Woolwich? Mélòó lẹ wà nínú ilé yín?"

Àwọn ìbéèrè tó wà nínú fọ́ọ̀mù Croydon gan-an nìyí, bó ṣe tò wọ́n gẹ́lẹ́! Mo rọra ń mí kó má baà gbọ́ pé mo wà níbẹ̀.

"Ẹ ṣì wà lórí fóònù? Ohun tí mo kúkú fẹ́ mọ̀ jù lọ ni: ṣé ọ̀rọ̀ ìbọn ló gbé wọn dé ibí?"

Ìbọn! Mo gbé fóònù náà sílẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ tí mo fa wáyà rẹ̀ yọ kúrò lára ògiri, mo sì jókòó tì í kó má baà padà fúnra rẹ̀.

Nígbà tí ìyàwó mi dé, ó bá mi nínú òkùnkùn. N kò tan iná, nítorí àwọn oníbàtà.

"Wọ́n ní mo ní ìbọn," ni mo sọ fún un.

"Ta ló ní ẹ ní ìbọn?"

"Òyìnbó."

Ó tan iná, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí bàlúùnù bẹ́ níbi ìkómọ tí ẹ wọ abẹ́ tábìlì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde kí n ráyè kọjá."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò so wáyà náà padà. Èmi náà sì yọ pépà tí a kọ orúkọ sí lẹ́bàá agogo ẹnu ọ̀nà. Ọ̀nà ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi adágún, ni mo wá ń gbà lọ sí gáráàjì, ó jìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn pẹ́pẹ́yẹ òyìnbó ń lé mi. Tí mo bá dé, mo wọlé, mo tilẹ̀kùn, mo fa kọ́tìnnì. Wọn kò tíì mú mi, èmi ti mú ara mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí n kò lọ sí iṣẹ́, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Mo yọjú láti ihò lẹ́tà, aṣọ ọkùnrin tó máa ń pín lẹ́tà ni mo rí. Mo ṣí i díẹ̀. Ó gbé àpò pélébé kan lọ́wọ́, ó sì na bírò sí mi.

"Oke? Fọwọ́ sí i níbí."

Ọ̀rọ̀ Daddy kọ mọ̀nà lórí mi. "Kò sí Oke níbí."

Ó wo nọ́ńbà ara ilẹ̀kùn, ó wo àpò ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí. "Ó dá ọ lójú?"

"Kò tilẹ̀ sí Oke rí."

Ó gbé èjìká, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo tilẹ̀kùn, inú mi sì dùn. Ẹ ò rí i bí mo ṣe gbọ́n tó! N kò sọ fún ìyàwó mi, nítorí mo mọ̀ pé yóò fi mí ṣẹ̀sín. Daddy nìkan ni mo sọ fún, ó sì bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní mo ti ń di ọmọ ìlú.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, a ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun àárọ̀ tán ni ilẹ̀kùn tún dún. Kíkàn tirẹ̀ yàtọ̀, ó lọ́ra, bí ti ẹni tó ní àkókò. Ìyàwó mi nawọ́ sí ilẹ̀kùn. Èmi ti wà nínú tọ́lẹ́ẹ̀tì. Ẹ má bi mí bí mo ṣe débẹ̀. Mo ti í, mo jókòó lórí ìdérí rẹ̀, mo fi etí sí i.

"Ẹ káàárọ̀, Daddy," ni ìyàwó mi wí lédè òyìnbó. Gbogbo àgbàlagbà, funfun tàbí dúdú, Daddy ni lọ́dọ̀ rẹ̀. "Ta lẹ ń wá?"

"Ẹnikẹ́ni tó bá ń jẹ́ Óòkù."

Ohùn yẹn! Ohùn oníbọn ni. Mo gbé ẹsẹ̀ mi méjèèjì kúrò nílẹ̀ kó má baà rí wọn lábẹ́ ilẹ̀kùn.

"Kí lẹ fẹ́ fi í ṣe?" ni ìyàwó mi bi í.

"Madam, èmi náà Óòkù ni. Mo ń wá àwọn èèyàn mi."

Ìyàwó mi dákẹ́ díẹ̀. Mo mọ ìdákẹ́ yẹn, mo gbàdúrà kó má jẹ́ ohun tí mo rò. Ohun tí mo rò ni. "Ẹ wọlé, Daddy. Ẹ jókòó. Ṣé ẹ máa mu tíì?"

Mo gbọ́ àga tó dún. Mo gbọ́ pépà ńlá kan tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì. Bàbá náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ti ń wá ẹni tí yóò gbọ́ ọ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní orúkọ tó ṣọ̀wọ́n ni orúkọ àwọn nílẹ̀ àwọn. Ó ní igi ni ó ti wá, igi líle kan tí wọ́n ń pè ní óòkù: ẹni tí ilé rẹ̀ wà nídìí igi náà láyé àtijọ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ó ní Devon ni wọ́n pọ̀ sí, lápá ibi tí oòrùn ti ń wọ̀, nínú àwọn abúlé tí kò jìnnà síra; díẹ̀ wà ní Cornwall tó tẹ̀ lé e; téèyàn bá wá kọjú sí ìhà London, wọ́n á máa dín kù títí wọn ò fi ní sí mọ́. Ó ní bàbá bàbá òun ló kúrò ní Devon wá ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìbọn ní Woolwich.

Ìbọn náà nìyẹn o. Mo rọra gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀.

"N kò bímọ," ni bàbá náà wí. "Àbúrò mi obìnrin ti kú. Mo rò pé èmi nìkan ló kù ní ìhà ibí yìí. Mo wá ṣí ìwé fóònù tuntun, Madam, mo rò pé ojú ló ń ṣe mí. Ẹ wo píìnì tí mo gún mọ́ máàpù yìí. Devon nìyí. Ẹ wá wo ọ̀dọ̀ wa níbí: Woolwich, Plumstead, Abbey Wood, Thamesmead, títí dé Peckham! Wọ́n pọ̀ ju ti Devon lọ! Mo ní, áà, a jẹ́ pé ẹ̀ka kan tẹ̀ lé bàbá bàbá mi wá sídìí iṣẹ́ ìbọn, wọ́n sì bí sí i, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi."

Mo gbọ́ ẹ̀rín tó ń wá lọ́nà ọ̀fun ìyàwó mi.

"Ṣé ẹ ti rí wọn?"

"Ìyẹn ni kò yé mi. Tí mo bá pè wọ́n, wọ́n á ní mo ṣì í pè. Níbì kan, ọmọ kékeré ló gbé fóònù, ó ní, 'Daddy ní òun ò sí nílé.' Mo wá ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé wọn. Ní Plumstead, obìnrin kan ṣílẹ̀kùn, ó ní kò sí Óòkù níbẹ̀, òun kò sì gbọ́ orúkọ náà rí. Báàgì ilé ìwé ọmọ rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ náà sí i gàdàgbà."

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi lu tábìlì, mo sì gbọ́ tí píìnì kan já bọ́. "Daddy, ṣé ẹ wá rí ìdí tí orúkọ náà fi ṣọ̀wọ́n? Ọkọ mi ni Oke. Ó wà nínú tọ́lẹ́ẹ̀tì."

"Áà. Ṣé inú ló ń run ún ni?"

"Rárá. Ẹ̀yin ni."

Kí ló tún kù tí mo lè ṣe? Mo fa omi tọ́lẹ́ẹ̀tì, nítorí iyì, mo fọwọ́, mo jáde. Bàbá gíga kan tó ti tẹ̀ ni mo bá, ó wọ kóòtù tí bọ́tìnnì rẹ̀ kan ti sọnù. Ó wò mí. Mo rí nǹkan kan tó rẹlẹ̀ lójú rẹ̀, bí iná tí ẹnìkan yí wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dìde, ó na ọwọ́.

"Ọ̀gbẹ́ni Óòkù."

"Ọ̀gbẹ́ni Óòkù," ni èmi náà wí. Kí ni kí n wí?

Ìyàwó mi mú bírò, ó kọ orúkọ náà sí etí ìwé ìròyìn. Ó fi tìsàlẹ̀ sí i, ó fi tòkè sí i. Ó pè é, ó ní kí bàbá pè é. Bàbá pè é, ó dà bí ẹni tí ẹnìkan tẹ̀ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ṣàlàyé àpò fún un, bí wọ́n ṣe bí bàbá bàbá mi sínú rẹ̀ àti bí agbẹ̀bí ṣe ya á. Ó tẹjú mọ́ mi. Ó ní àwọn náà ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀, pé àwọn atukọ̀ òkun ayé àtijọ́ a máa ra awọ náà, wọ́n ní ẹni tó bá ní in lọ́wọ́ kò ní kú sómi. Mo ní ní tiwa, a kò tà á. Ó ní àwọn ń ta ohun gbogbo.

Lẹ́yìn náà ló ń fi ìka kan àwọn píìnì ìhà ọ̀dọ̀ wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Gbogbo ìwọ̀nyí, yín ni?"

"Ó ṣeé ṣe kí òmíràn jẹ́ Ọ̀kẹ́, kí òmíràn jẹ́ Òkè," ni mo wí. "Láìsí àmì, a ò lè mọ̀. Ṣùgbọ́n kò dájú pé Óòkù wà níbẹ̀, bàbá. Ẹ má bínú."

"Rárá, rárá." Ó mu tíì rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ó ti kó gbogbo ẹbí jọ sórí máàpù, mo wá fi gbólóhùn kan tú wọn ká. Ó ní, "Ó dáa tí mo tilẹ̀ gòkè wá. Díẹ̀ ló kù kí n yí padà nísàlẹ̀. Mo bá ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà ní ẹnu àtẹ̀gùn, ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní nọ́ńbà yìí. Ó ní ọkùnrin ibẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún òun lọ́sẹ̀ yìí, tí òun fi gbé àpò ìjọba tó ti Croydon wá padà."

Mo ń wo ilẹ̀.

"Àpò wo?" ni ìyàwó mi wí. Yorùbá ló fi sọ ọ́, jẹ́jẹ́. Ó yí sí mi. "Bàbá ọmọ mi. Àpò wo?"

"Ó ní kí n fọwọ́ sí i," ni mo wí. "Daddy ti ní kí n má fọwọ́ sí nǹkan kan."

"Ìwé yín ni! Ìwé yín ló dé, ẹ ní ẹ ò sí?"

N kò lè sọ ohun tó tún sọ. Ọ̀rọ̀ ọmọ wà nínú rẹ̀, ẹkún náà sì wà nínú rẹ̀. Bàbá òyìnbó kò gbọ́ èdè wa, ṣùgbọ́n ó ti ń ká máàpù rẹ̀. Ó bi wá bóyá nǹkan náà ṣe pàtàkì. Ìyàwó mi ní ọmọ àwọn ló wà nínú rẹ̀. Bàbá ní mọ́tò òun wà nísàlẹ̀, pé ibi tí wọ́n ń kó lẹ́tà jọ sí ní Woolwich máa tó ti ilẹ̀kùn, kí a má dúró wọ kóòtù.

Mọ́tò kékeré ni, orúnkún mi kan àgbọ̀n. Gbogbo iná ọ̀nà ló dá wa dúró. Mo jókòó sẹ́yìn, mo ń rò ó: gbogbo ọdún tí mo fi ń retí kí wọ́n pe orúkọ mi, wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn oníbàtà kò wá. Èmi ni mo wọ bàtà náà fúnra mi, mo sì lé ara mi jáde.

Akọ̀wé kan wà lẹ́yìn kọ́ńtà, kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ṣàlàyé. Ó lọ wo ẹ̀yìn, ó padà.

"Ó wà nínú àpò àwọn tó ń padà. Wọ́n ti kọ ọ́ sí i pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀."

"Èmi ni mo ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Ta ló wá sọ fún wọn pé kò sí?"

"Èmi náà ni."

Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ lọ sílé. "Ṣé ẹ ní ìwé tó fi ẹni tí ẹ jẹ́ hàn? Ìwé ìrìnnà?"

"Òun ló wà nínú àpò yẹn."

Bàbá òyìnbó sún síwájú, ó ní òun lè jẹ́rìí sí mi. Akọ̀wé mú bírò. "Kí ni orúkọ yín, sà?"

"Óòkù. O, K, E."

Akọ̀wé wò ó, ó wò mí, ó tún wò ó. "Ẹ bá ara yín tan?"

Bàbá ronú sí i gidi. "Ohun tí mo wá wádìí láàárọ̀ yìí nìyẹn," ni ó wí. "A ò tíì parí rẹ̀."

Ìyàwó mi ló yọ wá. Ó tú báàgì rẹ̀ sórí kọ́ńtà, kóòmù, Bíbélì kékeré, tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì, ó sì fa ìwé gbèsè fóònù jáde, orúkọ mi àti àdírẹ́sì wà lórí rẹ̀. Akọ̀wé kà á. Ó wọ ẹ̀yìn lọ. Ó pẹ́. N kò mọ̀ pé ìdúró lè rẹ ẹni bẹ́ẹ̀. Ó gbé àpò pélébé náà jáde, ó ní kí n fọwọ́ sí i. Ohun tí mo kọ kò jọ orúkọ mi, kò jọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ó gbà á bẹ́ẹ̀.

Inú mọ́tò ni a ti tú u. N kò lè wò ó, ìyàwó mi ló ń ṣí ojú ewé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dúró. Ó kà á sínú, ètè rẹ̀ ń mì.

"Wọ́n ní kí ẹ dúró."

"Títí láé?"

"Ọdún kan. Tó bá parí, ká tún fi ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n á tún wò ó."

Lẹ́yìn gbogbo ìrètí yẹn, ọdún kan. Okùn náà kò já, wọ́n kàn fi kún un. Ẹ̀rín gbọ̀n mí, n kò lè dá a dúró. Bàbá òyìnbó yíjú, ó bi mí bóyá ìròyìn ayọ̀ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá, ó dára, ẹ ṣeun. Ó ní kò tọ́pẹ́. Ó wá sọ pé ní Devon, òun kò mọ ẹnì kankan tí òun lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ó sì ṣáná sí mọ́tò.

A ń padà lọ sí Thamesmead. Ìyàwó mi di ìwé náà mú lórí itan.

"Ọdún kan tó láti lọ sí Iléṣà ká padà," ni ó wí. "Ó tó láti mú un wá."

"Ó tó."

"Òtútù á ti dé nígbà náà. Ká ti máa ra kóòtù sílẹ̀. Ká ra bàtà." Ó yíjú sí mi. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti tó nọ́ńbà mélòó báyìí?"

Mo na ọwọ́ mi méjèèjì síwájú, mo fẹ́ fi bí ẹsẹ̀ náà ṣe gùn tó hàn án. Mo fẹ̀ wọ́n, mo dín wọn kù, mo tún fẹ̀ wọ́n. Òun náà na tirẹ̀. Ọwọ́ wa kò bára mu, àwa méjèèjì kò sì mọ ẹni tó tọ̀nà.